Aago "nánò" tó ní òun ń ka ṣúgà láìgún abẹ́rẹ́: ṣé kí n rà á fún màmá mi?

Ọmọ_Ọlọ́sàn (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi owó ṣòfò.

Màmá mi ń ta ọsàn ní oríta Àjàṣẹ́. Ó ti lé lọ́dún méjì tí dókítà ti sọ pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì ń lo oògùn wọn. Èmi ni mo ra mítà kékeré fún wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo dé láti Ìlọrin lọ́sàn-án, mo bá wọn ní ìdí ọjà, mo gún wọn ní ìka ọwọ́ òsì: 318. Àyà mi já. Mo gún ọwọ́ ọ̀tún: 191. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta síra wọn! Nígbà tó di òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, a lọ sí láàbù kan láìtíì jẹun, wọ́n ní 132. Mo mọ̀ pé ṣúgà àárọ̀ àti tọ̀sán kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di méjì nìyí. Ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ wa ní Ọ̀fà Gàréèjì, ó ń ta aago ọwọ́. Ó ní iṣẹ́ "nánò" láti Jámánì ni, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, kí èèyàn ṣáà dè é mọ́wọ́, nọ́ńbà ṣúgà á yọ. Màmá gbọ́, wọ́n ní kí n rà á kíá, nítorí abẹ́rẹ́ ti sú wọn. Kí ni nánò yìí gan-an? Ṣé òótọ́ ni àbí ẹnu ọlọ́jà?

Ẹnu_Dùn_Ju_Iyọ̀ (Ìlọrin)

Àwa ọmọ Ìlọrin la ni ẹnu tó dùn ju iyọ̀, gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀gbẹ́ni yẹn ti kọjá iyọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun náà ló ta ọṣẹ tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí fún wa lésìí.

Baba_Láàbù (Ọ̀fà)

Ọmọ mi, má tíì rà á. Iṣẹ́ láàbù ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n jókòó tì ọ́ díẹ̀.

Nánò kì í ṣe irọ́. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Èdè àwọn ará Gíríìsì ló ti wá, "aràrá" ló sì túmọ̀ sí. Bí o bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánòmítà. Irun orí rẹ kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 80,000 rẹ̀. Ohun tó bá ti kéré dé ìwọ̀n 1 sí 100 nánòmítà kì í hùwà bíi ti odidi rẹ̀ mọ́.

Wo iṣu àti èlùbọ́. Ju iṣu odidi sínú omi gbígbóná, inú rẹ̀ kò ní tètè mọ̀ pé omi wà níta. Da èlùbọ́ sí i, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti kan omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wúrà. Wúrà tó dà bíi kóró ṣúgà ìgbàanì, sẹ̀ǹtímítà kan ní gbogbo ìhà, ojú mẹ́fà péré ló ní, sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 6 lápapọ̀. Gé wúrà yẹn wẹ́wẹ́ títí ẹyọ kọ̀ọ̀kan á fi di nánòmítà kan ní gbogbo ìhà. Kò lé, kò dín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á di 6,000 mítà onígun mẹ́rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù! Ohun tí a bá fẹ́ mú nínú ẹ̀jẹ̀ á rí ibi lẹ̀ mọ́ dáadáa.

Àwọ̀ rẹ̀ pàápàá ń yí padà. Ní 1857, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní London, ṣàlàyé pé wúrà tó kéré jọjọ nínú omi kì í ní àwọ̀ ìyeyè bí òrùka ìyàwó, pupa ló ń pupa, bíi sóbò tí wọ́n bu omi là. Mo ti fi ojú mi rí i. Ẹ̀yin náà ti rí i, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ìlà pupa tí nọ́ọ̀sì ń fi hàn yín nínú káàdì àyẹ̀wò ibà, wúrà ni nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ti àyẹ̀wò oyún náà, wúrà.

Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: mítà ṣúgà tó wà lọ́wọ́ rẹ kò nílò nánò kankan láti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ méjì, Leland Clark àti Lyons, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1962 ló ṣì ń lò títí dòní. Lórí sítíríìpù yẹn, ọ̀pá pẹlẹbẹ tí ẹ ń kan ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀, èròjà tí kì í jẹ nǹkan mìíràn ju ṣúgà lọ. Bó bá ti jẹ ẹ́, iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ á jáde, mítà á wọn iná náà, á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ síra tó báyìí, mítà kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Mo ní ìbéèrè kan fún ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n lọ kírun Íṣáì ná.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbómìnà (Òmù-Àrán)

Baba, ẹ ṣeun gan-an. Èmi tí mò ń lo káàdì ibà lójoojúmọ́, n kò mọ̀ pé wúrà ni mò ń jù sínú garawa ìdọ̀tí!

Báwo ni wúrà ọ̀hún ṣe ń mọ̀ pé ibà ni òun rí, Baba?

Baba_Láàbù (Ọ̀fà)

Wúrà kò mọ nǹkan kan, nọ́ọ̀sì. Fìlà ni. Ẹni tó mọ̀ ni sójà ara tí wọ́n so mọ́ ọn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní antibody. Ṣé ẹ ti dúró lẹ́nu géètì ilé-kéwú rí nígbà tí wọ́n bá jáde? Ọmọ igba, ìyá igba, síbẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sáré bá ìyá tirẹ̀, kì í ṣì í. Bẹ́ẹ̀ ni antibody yẹn, ohun kan péré ló mọ̀. Tinú káàdì ibà mọ HRP2, èròjà tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá dé wúrà pupa lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ àti omi inú ìgò á wọ́ ọ lọ lórí bébà. Ibi ìlà ni àwọn antibody mìíràn jókòó sí, tí ń dì wọ́n mú. Bí ẹnì kan bá dé fìlà pupa ní yídì, ẹni tó wà lókèèrè kò ní rí i. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá tò sórí sáàfù kan ṣoṣo, ẹ ó rí pupa láti ojú ọ̀nà. Ìlà yẹn nìyẹn.

Ìjàkadì_Lorò (Ọ̀fà, ṣùgbọ́n Èkó ni mo wà)

Káàdì ibà yìí gan-an ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní mi ò ní ibà, mo ní mo ní in. Mo lo oògùn ibà, ara mi yá. Lóṣù kan náà, ọmọ mi ti lo oògùn rẹ̀ tán, ó ń fò káàkiri, káàdì tún ní ibà ń bẹ! Ta ló ń purọ́ nínú wa?

Nọ́ọ̀sì_Ìgbómìnà (Òmù-Àrán)

Ẹ̀gbọ́n, ti ọmọ yín rọrùn. HRP2 tí Baba ń wí yẹn kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò lè ti kú tán, kí ohun tó tú sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà a kì í fi káàdì yẹn wò ó bóyá oògùn ti ṣiṣẹ́. Ti ẹ̀yin gan-an, ibà nìkan kọ́ ló ń mú ara gbóná, òmíràn á sì lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, oògùn ibà á wá gba ìyìn oníyìn. Láti 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí a yẹ gbogbo ẹni tí a bá fura sí ibà lára rẹ̀ wò kí a tó fún un lóògùn.

Ṣùgbọ́n n kò ní gbèjà káàdì jù, nítorí ọwọ́ wa náà kò mọ́. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, omi inú ìgò kékeré tó bá káàdì wá tán kí káàdì tó tán. Ẹnì kan fa omi dríìpù sí i. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé gbogbo ọmọ tó wá láàárọ̀ yẹn ló "ní ibà"? Títí kan ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára! Omi ìgò yẹn kì í ṣe omi lásán, iyọ̀ àti èròjà inú rẹ̀ ní ìwọ̀n. Bí o bá pààrọ̀ rẹ̀, wúrà lè lẹ̀ mọ́ ìlà láìsí kòkòrò kankan.

Àti oòrùn. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kó má kọjá 30°C, tàbí 40°C fún àwọn kan. Ẹ wá wo stọ́ọ̀ wa ní oṣù kẹta, lábẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì.

Alákẹ̀ẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ (Ìlọrin)

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí àǹtí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, mo rí i kòrókòró. Lórí nánò ni iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo po wúrà, ó pupa rẹ̀rẹ̀ bí Baba ṣe wí. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀rẹ́ mi kan wá kán omi iyọ̀ sí i láti fi dán an wò. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti di elése àlùkò. Ká tó tún ṣẹ́jú, ó ti di aró. Àwọn wúrà yẹn tí wọ́n ń yàgò fún ara wọn tẹ́lẹ̀ ti so mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ara wọn kọjá lọ́nà mìíràn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀gá mi ló wá sọ pé ohun tó bà mí nínú jẹ́ yẹn gan-an ni àwọn mìíràn fi ń ṣe àyẹ̀wò: wọ́n á ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé àìsàn tí wọ́n ń wá nìkan ló lè mú kí wúrà so mọ́ra, àwọ̀ á yí padà, ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá á rí i.

Fún Ọmọ_Ọlọ́sàn: àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú lóòótọ́ láti ka ṣúgà láìgún èèyàn. Ní 2016, àwọn kan ní Kòríà Gúúsù ṣe ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ, gráfíìnì àti wúrà ni wọ́n fi ṣe é, tó ń ka ṣúgà inú òógùn. Gráfíìnì ni kábọ́ọ̀nù tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Àwọn tó yọ ọ́ ní Manchester ní 2004 gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi ṣí i kúrò lára léèdì pẹ́ńsù! Ṣùgbọ́n ṣúgà inú òógùn kéré gan-an, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìdí tí wọ́n fi nílò nánò nìyẹn, kí ojú ibi tó ń mú un lè pọ̀. Ó ṣòro, ẹ ò ní bá a lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà nínú ọkọ̀.

Ẹnu_Dùn_Ju_Iyọ̀ (Ìlọrin)

Àbúrò, kí ló dé tí ẹ̀yin ọmọ yunifásítì wa kò fi lè ṣe tiwa? Ṣé títí ayé la ó máa ra káàdì òyìnbó?

Alákẹ̀ẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ (Ìlọrin)

Ẹ̀gbọ́n, a ń ṣe é. Ẹ ò ní lọ jìnnà, Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà nítòsí wa níbí, àwọn onímọ̀ LAUTECH ti fi èèpo obì ṣe fàdákà nánò. Ní 2016 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé wọ́n fi òwú aláǹtakùn ṣe é. Èmi náà ti fi ewé ṣe é: omi ewé tí a sè, a kán an sínú omi fàdákà tó mọ́ gaara, ó pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Kò ná mi ní owó gidi.

Ṣùgbọ́n fàdákà nánò nìkan kì í ṣe àyẹ̀wò, gẹ́gẹ́ bí irin kì í ṣe mọ́tò. Antibody la nílò, òkè òkun ló ti ń wá, inú yìnyín ló ń gbé. Àwa márùn-ún dá owó ra ìgò kan tí kò tóbi ju ìdajì ìka lọ. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, jẹ́nẹ́rétọ̀ kò ní dísù, firíìjì gbóná. Nígbà tí a tún lò ó, bébà funfun báláú, kò sí ìlà kankan. Ẹ jẹ́ ká fi nánò sílẹ̀, ẹ ra firíìjì olóòrùn fún wa.

Ìyá_Ìbejì (Èsìẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nánò yìí kò ní wọ ara èèyàn? Wọ́n ní ohun tó bá kéré bẹ́ẹ̀ lè gba awọ wọlé.

Alákẹ̀ẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ (Ìlọrin)

Ìbéèrè gidi lẹ béèrè, mà. Ti orí káàdì kò kàn yín lára rárá. Ẹ̀jẹ̀ yín ló lọ bá a, òun kò wá bá yín. Àwọn kan wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Irú èyí tí wọ́n torí rẹ̀ gba Nobel ní 2023, quantum dots, tó ń tan àwọ̀ oríṣiríṣi bí ó bá ṣe kéré sí, cadmium ń bẹ nínú púpọ̀ nínú wọn, májèlé sì ni. A máa ń wọ ìbọ̀wọ́, a kì í dà á sí gọ́tà.

Baba_Láàbù (Ọ̀fà)

Mo ti dé. Ọmọ_Ọlọ́sàn, ìbéèrè mi rèé, dá mi lóhùn bó ṣe rí gan-an: kí ni màmá rẹ ń fi ọwọ́ wọn ṣe kí o tó gún wọn lọ́jọ́ Ẹtì yẹn?

Ọmọ_Ọlọ́sàn (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Wọ́n ń bó ọsàn fún oníbàárà ni, sà. Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fi ìró nu ọwọ́, mo fi òwú àti sípírítì kan ìka náà fẹ́ẹ́, mo sì gún un.

Baba_Láàbù (Ọ̀fà)

Ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń di ọsàn mú, ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń di ọ̀bẹ?

Ọmọ_Ọlọ́sàn (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Òsì ni wọ́n fi ń di ọsàn mú…

Yéè! Baba!

Nọ́ọ̀sì_Ìgbómìnà (Òmù-Àrán)

😂😂 Mítà ti yẹ ọsàn wò!

Baba_Láàbù (Ọ̀fà)

Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti da oògùn rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí sítíríìpù yẹn ń fà kò tó máíkírólítà kan, kò tó orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Omi ọsàn táṣẹ́rẹ́ tó bá wà ní ìka, inú ẹ̀jẹ̀ kékeré yẹn náà ló máa wọ̀. Ẹ́ńsáìmù kò mọ ṣúgà màmá yàtọ̀ sí ṣúgà ọsàn. Sípírítì tí a kàn fi kan ìka fẹ́ẹ́ kì í mú un kúrò, ọṣẹ àti omi ni, kí ọwọ́ sì gbẹ. Máńgòrò, oyin àti àgbálùmọ̀, bákan náà ni.

Níbo ni ìgò sítíríìpù ń gbé?

Ọmọ_Ọlọ́sàn (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Orí tẹlifíṣọ̀n, sà. Ìdérí rẹ̀ sì ti sọnù, ọ̀rá la fi dì í.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbómìnà (Òmù-Àrán)

Ìgò yẹn ti parí iṣẹ́ o. Inú ìdérí rẹ̀ ni ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu máa ń wà nígbà mìíràn. Ẹ ra tuntun, ẹ dé e pa bí ẹ bá ti mú ẹyọ kan, ẹ gbé e sí ibi tó tutù nínú yàrá, kì í ṣe firísà.

Ọmọ_Ọlọ́sàn (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Mo padà dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra sítíríìpù tuntun lánàá. Lówùúrọ̀ yìí, láìtíì jẹun, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ màmá: 129. Mo wá ní kí wọ́n bó ọsàn méjì, mo gún wọn láìfọwọ́: 274. Mo tún fọ ọwọ́, mo tún gún: 133. Màmá ní kí n yé fi àwọn ṣe iṣẹ́ yunifásítì.

Nípa aago: alájọgbé wa ti rà á kí n tó kìlọ̀ fún un. Ó dè é mọ́wọ́, ó ní 5.6. Àbúrò mi ọkùnrin gbà á, ó dè é mọ́ ọsàn kan tó tóbi, ó dúró díẹ̀. 5.6. Ó tún ní ọkàn ọsàn ń lù ní ìgbà 72 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹnu_Dùn_Ju_Iyọ̀ (Ìlọrin)

Ọsàn ọ̀hún wà láàyè! Ẹ má bó o o!

Baba_Láàbù (Ọ̀fà)

Ní oṣù kejì 2024, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kéde pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń dá ka ṣúgà láìgún awọ. Àwọn tó ń lẹ ẹ̀rọ mọ́ apá yàtọ̀, wáyà tín-ín-rín kan wọ abẹ́ awọ níbẹ̀, ó sì ń ka omi tó wà láàárín ẹran ara. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọsàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà o. 5.6 yẹn, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìwọ̀n mìíràn ni: mmol/L ni, ti mítà yín sì jẹ́ mg/dL. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18 kó tó bá ti mítà yín mu, á di nǹkan bí 101. Mo ti rí ẹni tó rí 15 lórí mítà tó ní ìwọ̀n yẹn, tó ń dúpẹ́ pé ṣúgà òun ti wálẹ̀, láìmọ̀ pé 270 ló jẹ́ lórí mítà bíi tiyín.

Ọmọ_Ọlọ́sàn (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Ẹ ṣé, Baba. Ó ku ọ̀kan: màmá ṣì ní abẹ́rẹ́ ń dun àwọn. Ojú ìka ni mo máa ń gún.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbómìnà (Òmù-Àrán)

Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ máa gún, má gún ojú rẹ̀. Iṣan tó ń gbọ́ ìrora kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti ojú. Ẹ máa pààrọ̀ ìka, ẹ sì máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́ nígbà gbogbo. Màá gba Àjàṣẹ́ kọjá lọ́jọ́rú, màá yà sí ìdí ọsàn wọn kí n fi hàn yín. Ẹ bá mi ya mẹ́wàá sọ́tọ̀, àwọn tó dùn ni o.

Ọmọ_Ọlọ́sàn (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Wọ́n ní kí ẹ fọ ọwọ́ yín wá.